Iyán Tí Mo Fi Pamọ́ Láàárọ̀ Eré Ìje

Ìró ọmọ odó ló kọ́kọ́ wọ inú oorun mi, lẹ́yìn náà ni òórùn iṣu. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ọyẹ́ ti bo òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, ilẹ̀ yàrá sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sábẹ́ aṣọ tí mo fi bora. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Adó-Èkìtì nígbà náà kò ní bi mí bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi gbígbóná ṣe máa ń rùn nígbà tó bá bọ́ sínú odó tó ti tutù mọ́jú. Òórùn tó dùn ni, ó sì ní èéfín díẹ̀ nínú. Kò sí ọmọ tí í gbóòórùn rẹ̀ kó tún máa sùn.

Láàárọ̀ mìíràn, kíákíá ni ǹ bá ti dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ṣe ni mo dì mọ́ ẹní, tí mo ń gbàdúrà pé kí ó má jẹ́ nítorí mi ni wọ́n ṣe ń gún iyán náà. Nítorí mi ni wọ́n sì ṣe ń gún un.

Ó yẹ kí n to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ, nítorí pé nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kò tò rárá lójú mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó méjì kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó sì máa ń jókòó sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nítorí ìyàwó méjì yẹn, wọn kò gbà á láyè láti jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ìyá Àgbà ni ìyálé. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní ti di géńdé, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe ní ọ̀nà jíjìn. Ìyá tó bí mi, tí mo ń pè ní Yèyé, ni ìyàwó kejì. Èmi ni mo ṣáájú fún un. Ọkùnrin ni ó tẹ̀lé mi, kò sì tíì ju ẹni tó ń tẹsẹ̀ lọ nígbà tí ibà mú un láàárín òjò ọdún yẹn. Ọjọ́ méjì péré ló fi ṣàìsàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ Ìyá Àgbà ni ọmọ náà ti jẹun kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n tí Ìyá Àgbà bá ń bọ̀ lódò, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu wọn, tó bá kọjá tán ni wọ́n á tó máa sọ ọ́ lọ. Nínú ilé, ààrò di méjì, ìkòkò di méjì. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń yọ ata nínú abọ́ kan náà kò kí ara wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan, Yèyé fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìdí ààrò Ìyá Àgbà, láàárín agbálá, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ pọnmi lè rí wa. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè: "Ìyá Àgbà, láti òní lọ, ọwọ́ yín ni ọmọ yìí á ti máa jẹun àárọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́, lórí àpótí kékeré kan, ní gbangba. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi rò pé nítorí pé ọbẹ̀ Ìyá Àgbà dùn ju ti Yèyé lọ ni, ó sì dùn jù ú lọ lóòótọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ èyí tí mo kọ sókè yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn: orí oúnjẹ àárọ̀ mi ni àlàáfíà ilé wa dúró lé, èmi tí mo ń jẹ ẹ́ kò sì mọ̀.

Tíṣà wa ló dá eré ìje náà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú, tó ní fèrè kan tó máa ń so mọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà. Ó ní ní àárọ̀ Jimọ́ọ̀, kí oòrùn tó le, a óò sáré láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ dé odò Ùrèjé, a ó sì sáré padà. Àwọn ọkùnrin ni yóò kọ́kọ́ sá, àwọn obìnrin yóò tẹ̀lé wọn. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìwé kíkà tuntun tó ní àwòrán. Mo fẹ́ ìwé yẹn. Mo mọ̀ pé mo lè sáré, nítorí pé bí a bá lọ sódò, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ilé láàárín àwọn ọmọbìnrin, àwọn tó jù mí lọ pẹ̀lú.

Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó béèrè ohun tó yẹ kí a jẹ. Tíṣà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará Èkìtì! Iyán lówùúrọ̀, iyán lọ́sàn-án, iyán lálẹ́. Ẹni tó bá jẹ iyán kó tó sáré, iyán yẹn ni yóò máa sáré nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á dúró sójú kan. Ẹ̀kọ tútù díẹ̀ àti omi, ó tó. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà!"

Débórà, tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbọ́ o. Ọmọ ilé kejì sí tiwa ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Bí a ṣe jáde báyìí ló bẹ̀rẹ̀.

"Níbo ni ará Ìjẹ̀bú ti mọ iyán? Irọ́ ló ń pa."

"Tíṣà kì í purọ́."

"Ó dáa. Kí ni ó ń sáré jù nínú igbó?"

Mo ní àgbọ̀nrín ni.

"Kí ni àgbọ̀nrín ń jẹ? Ṣé ẹ̀kọ ló ń jẹ ni?"

Mo dúró sójú ọ̀nà, mo ń rò ó. Àgbọ̀nrín kì í jẹ ẹ̀kọ. Ewé ni ó ń jẹ. N kò rí ibi tí mo lè gbà bá a jiyàn. Títí di òní, mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ kéékèèké pé kí wọ́n má fojú di àròjinlẹ̀ ọmọdé; ó máa ń dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà tí kò tọ́ ló kàn ń gbà.

Nígbà tí mo délé, mo bi Bàbá. Ó ń pọ́n àdá rẹ̀ lórí òkúta. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló ń jẹun kó tó lọ sóko? Ebi àárọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá. Má jẹ nǹkan kan." Mo sọdá lọ bá Bàbá Lámídì, télọ̀ tó ń ránṣọ ní ọ̀ọ́kán ilé wa, nítorí pé mo ti gbọ́ pé àwọn Mùsùlùmí mọ̀ nípa oúnjẹ àfẹ̀mọ́jú. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó sì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni pé àgbàlagbà ni mí.

"Sààrì ni kí o jẹ. Jẹun gidi kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o mu omi, kí o sì pa ẹnu rẹ dé. Bí a ṣe ń ṣe é nígbà ààwẹ̀ nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n ẹ kì í sáré nígbà ààwẹ̀, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o rí mi lọ́jọ́ tí àgbò mi já? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kúrò níbí!"

Ẹnì kan ní kí n jẹun gidi, ẹnì kan ní kí n má jẹ nǹkan kan, ẹnì kan ní ẹ̀kọ, ẹnì kan ní ewé. Mo wá lọ bá Yèyé níbi tó ti ń gbálẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí pé yóò yan ọ̀kan fún mi. Ó gbálẹ̀ lọ, ó gbálẹ̀ bọ̀, ó wá ní, "Ohunkóhun tí Ìyá Àgbà bá gbé fún ọ ni kí o jẹ."

"Tó bá jẹ́ iyán ńkọ́?"

"Àdùkẹ́, ohunkóhun ni mo wí."

Bó ṣe sọ ọ́ yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe ohùn tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ìyá Àgbà ti gbọ́ nípa eré ìje náà ní tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó lọ síbi tó kó iṣu gbígbìn rẹ̀ sí, ó sì mú ọ̀kan wá sílé, èyí tó gùn jù níbẹ̀. Àwa ọmọ àgbẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Èèyàn kì í jẹ iṣu tó fẹ́ gbìn, àfi tí ọ̀ràn náà bá tóbi lójú rẹ̀. Ó tún gba itan ọ̀yà kan lọ́wọ́ Bàbá, ó fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Iyán tó sì wá gún láàárọ̀ Jimọ́ọ̀ ni mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí ẹní.

Nígbà tí n kò lè sùn mọ́, mo jáde, mo sì jókòó sórí àpótí mi. Ó gbé igbá iyán síwájú mi, ó gbé ọbẹ̀ tì í, èéfín ń rú lórí méjèèjì.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Usu gidi nìyí. Kò sí ọmọ tí yóò bá ọ láàárọ̀ yìí."

Usu ni a ń pe iṣu nílé wa, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Tíṣà máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, èmi náà sì ti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe é rí, ohun tí mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà wọlé lọ mú aṣọ rẹ̀. Yèyé ti mú igi díẹ̀ lórí òkìtì igi ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé, ó ti lọ dáná omi. Ó ku èmi àti igbá.

Mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, itọ́ ti kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo ń rí iyán yẹn tó ń sáré nínú mi, tí èmi dúró sójú kan, tí ọmọ mìíràn gba ìwé mi. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn: n kò ní jẹ ẹ́ báyìí, n kò sì ní jẹ́ kó ṣòfò. Tí mo bá sáré dé, màá jẹ ẹ́. Mo fi ewé eéran pọ́n iyán náà, mo pọ́n ọbẹ̀ àti ẹran lọ́tọ̀, mo sì fi wọ́n sáàárín òkìtì igi, níbi tí Yèyé ti mú igi kúrò. Mo fọ igbá, mo dojú rẹ̀ délẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Àgbà jáde tó rí igbá, ó pàtẹ́wọ́.

"O ti jẹ ẹ́ tán? Ṣé ẹnu rẹ náà ń sá eré ìje ni? Ìyàwó mi, wá wò ó!"

Yèyé wá. Ó wo igbá, ó wò mí, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù. Mo rí i dáadáa, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo rí.

Lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, mo já ewé tútù tí àwọn ewúrẹ́ fẹ́ràn lẹ́bàá ọgbà, mo sì jẹ ẹ́ ní ẹ̀kúnwọ́ méjì lójú Débórà. Ó korò. Mo mu omi lé e.

Eré náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo ṣáájú dé odò. Nígbà tí a yí padà tí a dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó padà sí ilé ẹ̀kọ́, eré mi di ìrìn. Débórà kọjá lára mi, mo sì gbóòórùn ọbẹ̀ àná lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé òun kò jẹ ewé kankan. Iyán àná ni ó gbé kaná, tó sì jẹ àjẹyó.

"Àgbọ̀nrín!" ó pariwo, "ṣé ewé náà ti dé ẹsẹ̀ ni?"

Òun ló gba ìwé. Ipò kẹfà ni mo ṣe. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo sì gbìyànjú láti to ọ̀ràn náà sórí síléètì mi. Débórà jẹ iyán, ó ṣe ìkíní. Ọmọkùnrin tó ṣe ìkíní ti àwọn ọkùnrin kò jẹ ju ẹ̀kọ tútù lọ, bí Tíṣà ṣe wí. Ọmọkùnrin mìíràn tóun náà jẹ ẹ̀kọ tútù ló kẹ́yìn. Ọ̀kan wà tí kò jẹ nǹkan kan, òun ni wọ́n ń fẹ́ lábẹ̀bẹ̀ lórí koríko. Mo wo síléètì yẹn títí. Kò bá ara mu níbì kankan. Mo fi itọ́ nù ún, mo sì kọrí sílé, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú nígbà náà ni pé iyán wà láàárín igi.

Mo ti ń gba ẹ̀yìn ilé lọ nígbà tí mo rí i pé agbálá dákẹ́. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí mi. Ewé eéran wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ti tú u, èèrà ti ń rìn lórí iyán náà. Ó ti fẹ́ dáná láti se nǹkan mìíràn dè mí, ibi tó ti fẹ́ mú igi ló ti bá a. Obìnrin mẹ́ta tó ń bọ̀ lódò ti sọ ìkòkò wọn kalẹ̀. Yèyé dúró, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ti lọ sóko.

"Àdùkẹ́," Ìyá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ta ló gbé èyí síbẹ̀?"

Mo rò pé iṣu gbígbìn tó ṣòfò ló ń bí i nínú. Mo rò pé yóò nà mí. N kò ro nǹkan mìíràn.

"N kò mọ̀, Ìyá Àgbà."

"Ìwọ kọ́?"

"Èmi kọ́."

"O jẹ èyí tí mo gbé fún ọ láàárọ̀?"

"Mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin náà rí igbá."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni: "Ọmọ ní òun jẹun. Ta ni ó tún kù nílé?" Ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo rí i tí gbogbo ojú kúrò lára mi, tí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Yèyé. Ó yẹ kí inú mi dùn pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, n kò sì mọ ohun tó jẹ́.

"Ìyàwó mi," Ìyá Àgbà wí, "ìwọ lo mú igi níbẹ̀ láàárọ̀. Ṣé o pààrọ̀ oúnjẹ ọmọ yìí ni? O jẹ́ kí n máa yọ̀ lórí igbá, o sì ti fún un ní nǹkan mìíràn jẹ?"

Yèyé yíjú sí mi.

"Àdùkẹ́. Ṣé o jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́, Yèyé."

Ó mọ̀ mí. Ó mọ bí ohùn mi ṣe máa ń rí tí mo bá ń purọ́. Ní ọjọ́ mìíràn, etí mi ni ì bá dì mú. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà: tó bá nà mí tí mo sì jẹ́wọ́, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní ó nà mí títí mo fi sọ ohun tó fẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ tí kò ní dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi.

Ó gbé ìgbálẹ̀ tì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó fa ewé náà mọ́ra. Ó fi ìka gbá èèrà kúrò. Ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀ tó ti dì, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Iyán tó ti tutù láti àfẹ̀mọ́jú, ẹ̀yin mọ bó ṣe máa ń le. Mo ń rí ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń tì í lọ sísàlẹ̀. Kò yára, kò sì falẹ̀. Ojú Ìyá Àgbà ló ń wò bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Orí mi dàrú pátápátá. Ìdí wo ni Yèyé fi ń jẹ iyán mi? Ìdí wo ni ẹnikẹ́ni kò fi nà mí? Bóyá ebi ni, bóyá ẹ̀rù, bóyá ewé ọ̀hún fúnra rẹ̀. Mo bì sílẹ̀ láàárín agbálá.

Ìyá Àgbà dìde, ó di iwájú orí mi mú. Lẹ́yìn tí mo bì tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Àdùkẹ́, iyán dà? Ewé ni mo rí níbí."

Ni mo bá bú sẹ́kún, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: Tíṣà àti ẹ̀kọ tútù, Bàbá àti ebi àárọ̀, Bàbá Lámídì àti sààrì, Débórà àti àgbọ̀nrín, òkìtì igi. Mo ní mo fẹ́ jẹ ẹ́ tí mo bá sáré dé ni. Mo ní kí wọ́n má bínú nítorí usu gbígbìn.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ èwo ni ẹ̀rín nínú rẹ̀.

"Àgbọ̀nrín! Ẹ gbọ́, àgbọ̀nrín ni ọmọ yìí fẹ́ dà mọ́ wa lọ́wọ́!"

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ru ìkòkò wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ohun tí wọn ì bá sọ lódò lọ́jọ́ kejì ti já mọ́ wọn lọ́wọ́.

Yèyé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò sì dáwọ́ dúró. Òkèlè ń tẹ̀lé òkèlè.

"Ó tó, ìyàwó mi," Ìyá Àgbà wí. "O gbọ́ ohun tí ọmọ wí. Ó ti parí. Fi í sílẹ̀, ó ti tutù."

Yèyé mi orí. Nígbà náà ni Ìyá Àgbà bomi ṣan ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ ní òdìkejì ewé, òun náà bu òkèlè. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ tán, wọ́n pín itan ọ̀yà sí méjì. Wọn kò fún mi ní nǹkan kan. Èmi náà kò béèrè.

Láti ọjọ́ náà, ààrò kan ló wà nílé wa. Nígbà tí Ìyá Àgbà di arúgbó tí kò lè dìde mọ́, Yèyé ló ń wẹ̀ ẹ́, tó sì ń fi ọwọ́ bọ́ ọ, títí ó fi lọ.

Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí tí mo fi fẹ̀yìntì. Mo ti dúró lójú pápá eré láìmọye àárọ̀, àwọn ọmọ sì ti bi mí ní ìbéèrè tí a bi Tíṣà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ ní kùtùkùtù, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó se oúnjẹ ní tààrà bí wọn kò bá lè jẹ ẹ́ tán. Mo rò pé ìdáhùn tó dára ni. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé òun ni gbogbo ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí Yèyé ti darúgbó, mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń bó ẹ̀gúsí. Mo bi í pé, "Yèyé, lọ́jọ́ tí ẹ jẹ iyán yẹn, ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, àbí?"

Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un bi. Ó ní ẹ̀rù ba òun ní òkèlè kọ̀ọ̀kan. Ó ní gbogbo ọjọ́ yẹn lòun fi ń retí pé inú òun yóò run. Ó ní òun kò mọ̀ nígbà náà, òun kò sì lè sọ pé òun mọ̀ lónìí, ohun tó pa àbúrò mi.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi jẹ ẹ́?"

"Àwa méjèèjì la jọ ń gbélé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun."

Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyókù tó yé mi, bí ó ṣe máa ń pẹ́ kí nǹkan tó yé mi láti kékeré.

"Èmi náà ńkọ́, Yèyé? Èmi tí ẹ ń rán lọ jẹun níbẹ̀ láràárọ̀?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ni mo tún ní," ó wí, "tí mo lè fi han Ìyá Àgbà pé mo fọkàn tán an?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò mọ ohun tó yẹ kó jẹ kó tó sáré, ó sì rò pé kò sí ohun tó lè rúni lójú ju ìyẹn lọ láyé. Èmi tí mo ti lò ju ìyá mi lọ láyé báyìí mọ ohun púpọ̀ tí kò mọ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ tó tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, màá sọ pé ìgboyà ni ohun tí Yèyé ṣe. Lọ́jọ́ kejì, inú á bí mi sí i, lẹ́yìn tó ti kú. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mo sì ti fi ojú inú gbé wọn jókòó sórí àpótí kékeré yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò tíì rí èyí tí mo lè ní kó máa jẹun.